Corolla tó kọ òkè Ẹ̀fọ̀n

Toyota Corolla ọdún 2005 ni, ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà, gíà ọ́tò. Màmá tíṣà kan ló ni ín. Iléṣà ni Màmá ń gbé, Àràmọ̀kọ-Èkìtì ni iṣẹ́ wọn wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé béèyàn bá ti kọjá Ìwárajà, òkè ló kù, kọ́nà lórí kọ́nà, títí ó fi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọkọ̀ tó ní àìsàn kò lè fi pamọ́ níbẹ̀. Ti Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òkè náà: wọ́n á tẹ iná dé ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, ọkọ̀ á máa wọ́, tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì á sì máa fọn fèrè lẹ́yìn wọn pé kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀gá, mo tẹ iná títí, kò dá mi lóhùn." Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé e dé ọgbà mẹkáníìkì wa. Wọ́n wá fi kún un pé: "Láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i, ó máa ń sáré díẹ̀. Tó bá ti gbóná báyìí, ó parí."

Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màá padà sí i.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, owó ti lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n ti fọ nọ́sùlù tó ń fọ́n epo, wọ́n ti fọ tọ́tù, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan ní bíréènì bọ́kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń kú lọ. Ẹni tó gbẹ̀yìn ní gíà ló ti rẹ̀, kí Màmá lọ wá tòkunbọ̀. Màmá sì ti ń kó owó gíà náà jọ. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo àwọn tó ti fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó wọn ohunkóhun. Ohun tí wọ́n rí lára ọkọ̀ tó wá lọ́jọ́sí ni wọ́n fi ń tọ́jú ti òní. Bẹ́ẹ̀, àìlágbára ọkọ̀ kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ohun tó lè fà á pọ̀ lọ jàra, gbogbo wọn ló sì jọra lójú ẹni tó jókòó sídìí stiyárìn. Géèjì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Gíà ni mo kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí owó rẹ̀ ló tóbi jù. Gíà tó ń yọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré ju ọkọ̀ lọ. Ẹ ó tẹ iná, ọwọ́ RPM, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yípo ní ìṣẹ́jú kan, á fò dé 4000, dé 5000, ariwo á gba gbogbo inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò ní tẹ̀lé e. Ti Màmá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ RPM gan-an ni kò gòkè. Ó dé nǹkan bí 3000, ó dúró síbẹ̀. A gbé gíà sí P, a rẹ́sì ẹ́ńjìnnì lójú kan náà, kò sí ẹrù kankan lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó ń tiraka kó tó dé 3500. Gíà ò lọ́wọ́ sí irú ìyẹn. A fa ọ̀pá ọ́ọ̀lì gíà yọ: ọ́ọ̀lì náà pupa, kò jóná, kò rùn. Mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n má ra gíà kankan o.

A gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, a fọwọ́ yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí bíréèkì dì mú. A tún wo abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, bóyá kápẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kí ìtẹ̀ iná dé ilẹ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ rí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo wá ní kí Màmá jókòó, kí wọ́n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń fi ìkánjú kọjá, torí a ti ń wo ọkọ̀ kejì tó tò sẹ́yìn. Màmá ní nígbà òjò tó kọjá, ọkọ̀ náà máa ń gbọ̀n tó bá wà ní sìlóò, ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ iná. Á máa mísì, ìyẹn ni pé epo inú sìlíńdà kan ò ní jó bó ṣe yẹ, iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa ṣẹ́jú, á tàn, á kú, á tún tàn. Mẹkáníìkì kan yọ orí bátìrì, ó dá a padà, iná lọ. Iná tún dé, ó tún yọ orí bátìrì. Báyìí ni Màmá ṣe ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ títí táàmù kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí wọ́n tó rí ẹni tó pààrọ̀ kọ́ìlì kan, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, tí gbígbọ̀n náà fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni agbára ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n kàn ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n ti máa ń ya dánfó sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, dánfó ló ń ya àwọn sílẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí iná tó ń ṣẹ́jú yìí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni kò mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí èyí tó tàn tó dúró. Èyí tó dúró ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ẹ wá àyè wò ó. Èyí tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń mísì débi tó ti ń ba kátálíìsì, àpótí tó ń pa májèlé inú èéfín lábẹ́ ọkọ̀, jẹ́ lọ́wọ́, pé kí ẹ dín iná kù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má gun òkè, kí ẹ má sáré. Ẹni tó bá yọ orí bátìrì láti pa á kò wo nǹkan kan sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó pa ẹnu ẹlẹ́rìí dé, ó sì nu gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀ dànù.

A so sìkánà mọ́ ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò yìí. Kóòdù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, P0420: kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Mi ò fi kóòdù yẹn dá ẹjọ́. Kátálíìsì tó ti rẹ̀ lásán lè gbé P0420 jáde kí ọkọ̀ ṣì máa sáré bó ṣe wù ú, èyí tó sì dí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́ńjìnnì lè má gbé kóòdù kankan jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka kóòdù tán, wọ́n á pa sìkánà, wọ́n á lọ ra ohun tí kóòdù dárúkọ. Ibi tí nọ́ńbà ti ń yí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin ló ń dà á láàmú. Afẹ́fẹ́ ò wọlé tó, tàbí epo ò tó, tàbí iná púlọ́ọ̀gì ò tó, tàbí èéfín ò ríbi gbà jáde. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tí wọ́n ń pè ní MAF, ni mo máa ń kọ́kọ́ bi léèrè, torí ìṣirò rẹ̀ kò le, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà á fa afẹ́fẹ́ 1.8 lítà wọlé ní gbogbo ìgbà tó bá yípo lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ń yípo 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, 2700 lítà nìyẹn, ìyẹn 45 lítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Níbi tó móoru tó sì ga bíi tiwa ní Iléṣà, lítà afẹ́fẹ́ kan wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 1.1. Tí tọ́tù bá ṣí gbayawu tí ẹ́ńjìnnì sì kún dénú, gíráàmù 50 ló yẹ kó máa gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í kún dénú tán, torí náà ẹ jẹ́ ká retí 40 sí 45.

A gbé e jáde sí ọ̀nà Àkúrẹ́, níbi tí ọ̀nà ti mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi mú sìkánà lọ́wọ́, mo tẹ iná dé ilẹ̀. Ní 3000 RPM, MAF ka 21.

Ìdajì afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì yẹn gbà ló ń gbà, ìdajì agbára rẹ̀ ni Màmá sì ń gbé lọ gun òkè. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ lè parọ́. MAF tó dọ̀tí máa ń ka iye tó kéré ju ohun tó ń wọlé lọ, ìdí nìyẹn tí èèyàn ò fi gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà kan gbọ́ láìbi ẹlòmíràn. Ẹni tí mo bi ni fuel trim, ìyẹn àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń ṣe sí epo tó ń dà sínú ẹ́ńjìnnì. Tí MAF bá ń parọ́, kọ̀ǹpútà á da epo tó kéré, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó ń tọ́ èéfín wò á fi ẹjọ́ sùn pé epo ò tó, kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un: +10, +15, +20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí pọ́ǹpù epo bá ti rẹ̀, ohun kan náà lẹ máa rí, pàápàá tí ẹrù bá wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Ti ọkọ̀ Màmá, èyí tó wà fún ìgbà kúkúrú àti èyí tó wà fún ìgbà pípẹ́, àpapọ̀ wọn kò kọjá +3. Nígbà tí mo tẹ iná dé ilẹ̀ pàápàá, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kò ráhùn pé epo ò tó.

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé òótọ́ ni MAF ń sọ. Afẹ́fẹ́ kéré, epo sì bá ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà mu rẹ́gí. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni pọ́ǹpù epo ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. A ṣì so géèjì mọ́ họ́ọ̀sì epo kí Màmá lè fojú ara wọn rí i: 47 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì. Láàárín 44 sí 50 ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì yìí wà, kò sì sọ̀kalẹ̀ bí a ṣe ń rẹ́sì ẹ́ńjìnnì. Wọ́n bi mí bóyá pọ́ǹpù tuntun tí wọ́n rà ló fi dára bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n rántí pé kò sí ohun tó yí padà nínú ìrìn ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rà á. Wọ́n mirí, wọn ò sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ò wọlé, a jẹ́ pé nǹkan dí i níwájú tàbí lẹ́yìn. Níwájú rọrùn láti wò. A ṣí àpótí fíltà, eruku wà lára fíltà àmọ́ kò dí. A yọ fíltà náà kúrò pátápátá, a tún gbé ọkọ̀ jáde, MAF ṣì ka 21. A fi tọ́ọ̀ṣì wo inú họ́ọ̀sì tó lọ sí tọ́tù, torí eku máa ń kọ́lé síbẹ̀ nínú ọkọ̀ tó bá ń sùn síta. Ó mọ́. Tọ́tù fúnra rẹ̀ ń ṣí dáadáa lójú sìkánà.

Ẹ̀yìn ló kù. Àmọ́ kí n tó dá sàlẹ́ńsà lẹ́bi, nǹkan kan wà tó tún lè dín afẹ́fẹ́ kù: ṣéènì ẹ́ńjìnnì tó ti fò tàbí tó ti fà, tí fáàfù wá ń ṣí tó ń tì ní àkókò tí kò yẹ. Géèjì fákúùmù ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Géèjì kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó owó púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó dáa, mi ò sì mọ ìdí tí kò fi sí nínú àpótí irinṣẹ́ gbogbo mẹkáníìkì nílẹ̀ yìí. A fà á mọ́ họ́ọ̀sì kan lára ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Ní ìlú etíkun bí Èkó, ẹ́ńjìnnì tó gbádùn á fa nǹkan bí íńṣì 17 sí 21 ní sìlóò. Níbi tó ga bí Iléṣà, ẹ yọ bí 1 kúrò níbẹ̀.

Ní sìlóò, géèjì ka 17, ọwọ́ rẹ̀ dúró gbọn-in. Ṣéènì bọ́ nínú ẹ̀sùn níbẹ̀ yẹn. Tí àkókò fáàfù bá ti yẹ̀, láti sìlóò ni ìfà á ti relẹ̀, tí ọwọ́ géèjì bá sì ń gbọ̀n, a jẹ́ pé fáàfù kan ò tì dáadáa. Mo wá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́sì ẹ́ńjìnnì dé 2500, kó dì í mú síbẹ̀, kó má fi sílẹ̀. Ọwọ́ géèjì kọ́kọ́ gòkè díẹ̀, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀. Kò já wálẹ̀, ó ń rọra sọ̀ ni: 16, 14, 13, 11. RPM kò yí padà, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò mì. Màmá náà ń wò ó. Gbogbo wa dákẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ yára, àyè ṣì wà nínú páìpù sàlẹ́ńsà fún èéfín láti kó sí. Bó bá wà lórí ìyára yẹn, èéfín tó ń wọ páìpù á pọ̀ ju èyí tó ń ríbi jáde lọ. Á kó jọ, á máa ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn, títí díẹ̀ nínú rẹ̀ á fi kù sínú sìlíńdà lẹ́yìn tó yẹ kó ti jáde tán. Sìlíńdà tí èéfín àná ṣì wà nínú rẹ̀ ò lè gba afẹ́fẹ́ òní kún. Ìdí nìyẹn tí MAF fi ka ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdààmú náà kò sí níbi tí MAF wà rárá.

Ìdí náà sì nìyẹn tó fi ń sáré díẹ̀ láàárọ̀. Gáàsì máa ń fẹ̀ tó bá gbóná. Nígbà tí páìpù ṣì tutù, èéfín á sún kì, á sì rí ojú ihò kékeré tó kù gbà kọjá. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbóná dáadáa lójú ọ̀nà, èéfín kan náà á fẹ̀ sí i, ojú ihò kò sì tóbi sí i. Màmá ti sọ gbogbo ẹjọ́ náà fún wa kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ká rí i lójú géèjì tó ń wọn ìtìpadà èéfín. A yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà níwájú kátálíìsì, a so géèjì mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ní sìlóò, kò yẹ kó kọjá 1.5 psi, ní 2500 RPM, kò yẹ kó kọjá 3. Ti ọkọ̀ yìí jẹ́ 2 ní sìlóò, ó sì kọjá 7 ní 2500, ó ṣì ń gòkè nígbà tí mo ní kí wọ́n fẹsẹ̀ sílẹ̀. A yọ géèjì, a fi ojú ihò sílẹ̀ gbayawu, a tún rẹ́sì ẹ́ńjìnnì. Ariwo gba gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ RPM sáré kọjá 4500, láìtiraka. Nígbà tí èéfín rí ọ̀nà míì gbà, ẹ́ńjìnnì jí.

Tá a bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, ṣíṣí kátálíìsì kàn jẹ́ láti rí ohun tá a ti mọ̀. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Inú kátálíìsì jẹ́ sẹ́rámíìkì tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium kun ara àwọn ihò náà. Èéfín á gba inú wọn kọjá, májèlé tó wà nínú rẹ̀, carbon monoxide, epo tí kò jó tán àti oxide nitrogen, á sì di carbon dioxide, omi àti nitrogen. Nínú ti Màmá, ihò wẹ́wẹ́ yẹn kò sí mọ́ ní apá tó pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ ti yọ́, ó ti ṣàn papọ̀, ó ti di ohun dídán tó dúdú mọ́ pupa rúsúrúsú. Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, ibi kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti yọ. Ọmọ iṣẹ́ mi fi ìka kàn án, ó ní ó le bí ìsàlẹ̀ ìgò. Kì í ṣe èérí ló dí i, iná ló yọ́ ọ.

Epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnnì ló sì wá jó níbẹ̀. Iṣẹ́ kátálíìsì máa ń lọ déédéé láàárín 400 sí 800 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì. Tí sìlíńdà kan bá ń mísì, epo rẹ̀ á jáde bó ṣe rí, òun àti ọ́síjìn tí kò lò. Wọ́n á pàdé nínú kátálíìsì tó ti gbóná, wọ́n á jó níbẹ̀. Ooru á kọjá 1000, tí mísì náà bá pọ̀ tó sì pẹ́, sẹ́rámíìkì á yọ́. Gbogbo ìgbà tí iná ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tó ń lọ lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn, òkè Ẹ̀fọ̀n sì ni wọ́n ń gbà, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba epo jù.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ kátálíìsì láìmọ ohun tó jẹ́ kí sìlíńdà mísì yóò tún un pààrọ̀. A yọ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ihò púlọ́ọ̀gì ti sìlíńdà kejì ní ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì nínú, ó rin ìdí kọ́ìlì gbindin. Ti ẹ̀kẹta náà ti ń tutù. Rọ́bà ìdí kọ́ìlì kejì ti wú, ó rọ̀ bí ohun tí wọ́n rẹ. Èyí sì ni kọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ rí ọ́ọ̀lì yẹn, kò lè má rí i. Ó ti kọ́ìlì tuntun bọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wo ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ka mísì sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ti ẹ̀kejì ti tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tíì pọ̀ tó kí iná tàn.

Orísun gbogbo rẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, rọ́bà tó ń dí etí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú àwọn rọ́bà tó yí ojú ihò púlọ́ọ̀gì ká. Ooru ti sọ wọ́n di gbígbẹ, ọ́ọ̀lì ń jò gba ibẹ̀ sínú ihò, ọ́ọ̀lì ba rọ́bà kọ́ìlì jẹ́, iná ń sá gba ẹ̀gbẹ́ dípò kó dé orí púlọ́ọ̀gì, sìlíńdà mísì, epo rẹ̀ lọ jó nínú kátálíìsì, kátálíìsì yọ́, èéfín há, ọkọ̀ kọ òkè. Nínú gbogbo ohun tí Màmá ti rà, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì yìí níbẹ̀, òun ló sì rọjú jù nínú wọn. Gọ́ọ̀mù ni ẹnì kan ti fi kun etí rẹ̀ níta kó má baà rin ẹ́ńjìnnì. Gọ́ọ̀mù tá a kùn síta ò lè dí ohun tó ń jò sínú.

Lórí kátálíìsì, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí a fọ́ inú rẹ̀ dànù, kí a jó àpótí rẹ̀ padà ní òfìfo, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Àwọn tó ń ra kátálíìsì àlòkù kiri náà ti ń béèrè, torí platinum inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mo mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi, mo sì mọ ìdí rẹ̀: owó ò sí. Ṣùgbọ́n mo sọ èrò mi fún Màmá láìfi nǹkan kan pamọ́. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani. Tí páìpù bá jò lábẹ́ ọkọ̀ tó kún fún èèyàn, èyí tí kátálíìsì ì bá ti sọ di aláìlágbára ló máa wọlé bá wọn. Àwọn ọmọ tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta Ìwárajà ló ń mí èéfín wa símú láti àárọ̀ dalẹ́. Òfin tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, gbé jáde lọ́dún 2011 lórí èéfín ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mú un lò. Àwọn tó sì ń sọ pé òfìfo ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, èyí tó dí ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n. Agbára tí kátálíìsì tó dáa ń gbà lára ẹ́ńjìnnì kéré débi pé dírẹ́bà kò lè mọ̀ ọ́n lára.

Màmá ní kí a wá tòkunbọ̀ tó ṣì dáa. Àràròmí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, ni mo lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe kí n tó sanwó ni kí n gbé e sókè sí oòrùn, kí n wò ó láti ẹnu kan sí ìkejì: gbogbo ihò wẹ́wẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ tan ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ibi tó fọ́ ní etí. Màá mì í. Tó bá dún gbẹ́kẹ́gbẹ́kẹ́, mi ò ní rà á, nítorí sẹ́rámíìkì rẹ̀ ti bọ́ lára àpótí. Màá fi ìka nu inú ẹnu rẹ̀: tí dúdú tó yọ̀ bí ọ́ọ̀lì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì tó ti wá ń jẹ ọ́ọ̀lì, ó ti bo platinum yẹn mọ́lẹ̀. Èkẹta tí wọ́n gbé fún mi ló yege.

A pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà àti àwọn rọ́bà ihò púlọ́ọ̀gì, a fọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ, a ra kọ́ìlì kejì tuntun. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fi sí i tẹ́lẹ̀, ẹnu wọn kò dọ́gba, àwọ̀ ìwé tí wọ́n fi dì wọ́n sì ṣe mí bákan. A fi onírídíọ́ọ̀mù tó ní ààyè 1.1 mílímítà sí i. A wọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀n, agbára tí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọn kò jìnnà síra wọn, nítorí náà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣì lára. Kí a tó so kátálíìsì mọ́ ọn, a fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, bóyá èérún sẹ́rámíìkì ti lọ há síbẹ̀. Díẹ̀ já bọ́. Ẹni tó bá fo èyí lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tán kí ọkọ̀ ṣì máa wọ́.

Géèjì ìtìpadà èéfín kò dé 1 psi ní 2500. Géèjì fákúùmù gòkè nígbà tí a rẹ́sì ẹ́ńjìnnì, ó sì dúró síbi tó gòkè sí. Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ yẹn náà, ní 3000 pẹ̀lú iná dé ilẹ̀, MAF ka 42.

Màmá pè mí láti Ẹ̀fọ̀n nígbà tí wọ́n dé orí òkè, wọ́n rọra páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí wọ́n tó pè. Àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àdúrà náà ni wọ́n fi parí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má pa kóòdù kankan rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ orí bátìrì, kí kọ̀ǹpútà lè ráyè dán kátálíìsì wò fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìdánwò náà ti parí, P0420 kò padà, mísì sìlíńdà kejì jẹ́ òdo. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn iwájú ti jẹ ooru púpọ̀, ó ṣì ń dáhùn kíákíá, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ó tún wò ó. Tí wọ́n bá wá pààrọ̀ ọ́ọ̀lì nígbà tó ń bọ̀, a ó yọ kọ́ìlì kejì àti ẹ̀kẹta, a ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ ihò wọn bóyá wọ́n ṣì gbẹ.